Kẹ́ẹ̀gì Epo Tó Wà Nínú Ìyẹ̀fun Pákó

Nínú gbogbo káfíńtà Ìlaròó, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ bíi tèmi. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Ṣọ́ọ̀bù wa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ̀rọ ìfági kan ṣoṣo la jọ ń lò. Ẹni tó bá ríṣẹ́ ńlá, gbogbo wa la máa bá a ṣe é. Ohun tó ń bọ́ wa nìyẹn.

Wọ́n wá ti bọ́dà. Ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n gbé epo wá sítòsí bọ́dà mọ́. Iléepo gbẹ, kọ́sítọ́ọ̀mù ń já kẹ́ẹ̀gì gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀rọ wa dákẹ́, gbogbo ibẹ̀ wá dà bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbókùú jáde níbẹ̀.

Ọ̀gá mi sì ti gba iṣẹ́ bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ajílété, ó gbọ́dọ̀ parí kí ìkórè tó dé. Bí ò bá parí, ọ̀gá á ti ṣọ́ọ̀bù pa, fúrídọ̀mù mi náà á wọmi. Làwọn ọ̀gá yòókù bá da epo tó kù lọ́wọ́ wọn pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan. Ọ̀gá mi rì í mọ́nú òkìtì ìyẹ̀fun pákó, kí kọ́sítọ́ọ̀mù má bàa rí i.

"Ọ̀gá, tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbé e síbẹ̀ o."

"Ọ̀gá àwọn ọ̀gá! Lọ to pákó, jàre."

Ilẹ̀ mọ́, òórùn epo gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo ki ọwọ́ bọ òkìtì, ó tutù rinrin. Kẹ́ẹ̀gì ti jò. Ẹnì kan sì ti bù lára ìyẹ̀fun yẹn.

Ìyá onímọ́ínmọ́ín òdìkejì ọ̀nà! Láràárọ̀ ló ń wá bu ìyẹ̀fun wa, tó ń kì í mọ́ agolo láti fi dáná.

Mo sáré. Ìṣáná ti wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Màmá, ẹ má ṣá a!"

"Àwìn lo tún fẹ́ jẹ, àbí?"

"Epo ló wà nínú agolo yín! Ẹ ò gbóòórùn ni?"

"Ọ̀fìnkìn ti dí mi nímú látàná..." Ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tí mo padà, wọ́n ti dojú kẹ́ẹ̀gì dé. Ẹ̀kán kan ò jáde. Ọ̀gá mi ní ká mú ìfági ọlọ́wọ́ wá, ká jọ fi fá pákó bẹ́ǹṣì náà. Gbogbo wọn mú tiwọn wá, àfi ẹ̀gbọ́n tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní ìparí. Òun ń di irinṣẹ́ ẹ̀ sínú àpò.

"Ibo lẹ̀ ń lọ, ẹ̀gbọ́n?"

"Níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké."

A bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó. Olúkúlùkù ń fojú ẹ̀gbẹ́ wo àpò irinṣẹ́ ẹnìkejì.