Ọ̀nà Tí A Gbá Jù

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo pé ní ọdún tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ wá sí òkè wa ní Ọ̀kà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti ń rò pé kò sí ohun tuntun tí ojú mi tún lè rí lórí òkè tí mo ti ń gùn láti kékeré.

Kẹ̀kẹ́ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe alùpùpù. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ yí. Bàbá mi ní ọ̀kan. Bí ó bá ti dé ẹsẹ̀ òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò máa tì í. Bí ó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, yóò máa fà á sẹ́yìn bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà, ará ilé rẹ̀ ti mú un bínú títí ayé fi sú u ni.

Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbé kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Èkó, tí wọ́n fẹ́ máa fi í sáré sọ̀ kalẹ̀ nínú igbó, àánú wọn ló kọ́kọ́ ṣe wá. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé bí ibẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò máa wá lọ́dọọdún. Bí kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn ará Ìkàrẹ́, ìlú tó múlé tì wá, ti ní òkè tiwọn sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi hàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ Ìkàrẹ́ yìí ló sọ àánú wa di ìpalẹ̀mọ́.

Kábíyèsí fi ọ̀rẹ́ mi kan ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò gba àwọn àlejò náà. Wolé-wolé ni ọ̀rẹ́ mi yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ wọ́n: àwọn ni ìjọba ń rán láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń ṣí ìkòkò omi ẹni wò, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀yìnkùlé wò bóyá a gbá a tàbí a kò gbá a. Ọ̀rẹ́ mi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Bí ó bá wá kí ọ, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ kí igun yàrá. Fèrè tí ó ń fọn lẹ́nu iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Oyè kan ṣófo ní ìlú nígbà náà. Bàbá ọ̀rẹ́ mi yìí ti jẹ ẹ́ rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ du ú kò rí i, òun náà sì ti ń retí rẹ̀ títí irun fi funfun. Kábíyèsí sọ ọ́ ní gbangba pé bí àwọn àlejò bá fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn yóò padà wá, oyè náà ti di tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọrí sí Ìkàrẹ́, kí ó gbàgbé rẹ̀.

Ní ìlú wa, bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, ọ̀nà là ń kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí ìtìjú ni kí àlejò kọsẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹni. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní abala tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó pa ewúrẹ́ jẹ. Orí ewúrẹ́ náà sì jẹ́ ti àdúgbò ìsàlẹ̀, nítorí àwọn ló kọ́kọ́ tẹ ìlú dó. Ní iṣẹ́ ìlú tó ṣáájú èyí, ẹnì kan ṣèèṣì se orí náà mọ́ ìyókù. Àdúgbò ìsàlẹ̀ ní àwọn kò bínú. Wọ́n kàn ní àwọn kò ní jáde mọ́ ni.

Àwa tó kù jáde. Ọ̀nà oko tó ti orí òkè wá, tó la àárín igi kòkó kọjá, ni a yàn fún àwọn àlejò. A ṣa òkúta rẹ̀ dànù. A gé gbogbo gbòǹgbò tó dábùú rẹ̀. A dí gbogbo ibi tí àgbàrá ti gbẹ́, a sì fi ọkọ́ gé ibi tó ga kí ó lè tẹ́jú. Àwọn obìnrin wá gbá a títí tí adìyẹ kò fi rí èèrà kan ṣà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń fọn fèrè kiri, inú rẹ̀ ń dùn. Ẹnì kan tilẹ̀ fi ọ̀dà funfun kun àwọn àpáta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Mo bi í jẹ́jẹ́ bóyá ẹnikẹ́ni ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àlejò irú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ wọn ń fẹ́.

Ó ní, “Tíṣà, ta ló ń bi àlejò bóyá kí á gbálẹ̀ dè é?”

Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Mo padà sídìí ọkọ́ mi.

Nígbà tó yá, a dé ibi àpáta ńlá, níbi tí abala àdúgbò ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ títí dé etí odò. Ọkọ́ kankan kò kàn án. Òkúta ṣorí ṣóńṣó, gbòǹgbò lọ́ mọ́ra wọn bí ejò, àgbàrá sì ti gbẹ́ àárín rẹ̀ bí ẹni fẹ́ sin ènìyàn síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi lọ bẹ bàbá tó jẹ́ olórí àdúgbò náà. Bàbá fún un ní obì, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè orí ewúrẹ́, ó wá ní ẹsẹ̀ ń dun gbogbo àwọn ènìyàn òun.

Ọ̀rẹ́ mi padà dé, ó gé màrìwò, ó sì ta á dábùú ẹnu ọ̀nà náà. Kò sí ọmọdé kan ní Ọ̀kà tí kò mọ ohun tí màrìwò ń wí lójú ọ̀nà: má kọjá. Ó ní ibi àpáta náà ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ yóò ti yí padà, wọn kò sì ní mọ̀ pé a ní ìdọ̀tí nílé.

Ìkàrẹ́ ni àwọn àlejò náà sùn. Nígbà tí wọ́n dé ní àárọ̀, a ti tẹ́ àga fún Kábíyèsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni olórí wọn. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ láti orí òkè wá bá wa, wọ́n rọra ń bọ̀ lórí ọ̀nà wa tó mọ́, ojú wọn sì rí bí ojú ẹni tí a gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún, tí kò fẹ́ kí ìyá olóúnjẹ mọ̀.

Olórí wọn kúnlẹ̀ kí gbogbo wa. Ó wá ní, “Ẹ̀yin bàbá, títì yìí dára púpọ̀. Ibo wá ni ọ̀nà inú igbó tí wọ́n sọ fún wa?”

Ọ̀rẹ́ mi ní òun náà nìyẹn. Ọmọbìnrin náà wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan láàárín wọn dárúkọ Ìkàrẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo gbọ́ ọ, ọ̀rẹ́ mi náà gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí rí màrìwò. Ó ní àbí a tilẹ̀ ti ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́ de àwọn. Kí á tó la ẹnu, wọ́n ti já màrìwò náà kọjá. Ọ̀rẹ́ mi fọn fèrè kí wọ́n dúró. Àṣé bí fèrè bá dún, eré ni tiwọn. Wọ́n túbọ̀ tẹ̀ ẹ́.

A ń gbọ́ igbe, a ń gbọ́ irin tó ń họ òkúta. Kábíyèsí wo ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí ilẹ̀, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbá.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ wọn gòkè padà, ẹrẹ̀ bò wọ́n, orúnkún ń ṣẹ̀jẹ̀, bàtà ẹnì kan ti bá odò lọ. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Olórí wọn tún kúnlẹ̀, ó ní àwọn kò tíì rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí, àwọn yóò sì padà wá. Ó béèrè ẹni tó ṣe apá ìsàlẹ̀ náà.

Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. “Kábíyèsí, ìgbìmọ̀ ló pinnu pé kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Bàbá àdúgbò ìsàlẹ̀, tó wá wòran lásán, gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Òótọ́ ni alága sọ. Ìgbìmọ̀ náà ló sì fi màrìwò dí i, kí ojú àlejò má baà tètè jẹ adùn rẹ̀ tán.”

Kábíyèsí fi abẹ̀bẹ̀ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣí i, ó ní ìlérí ni ìlérí, oyè ti di ti ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kí wọ́n gbé orí ewúrẹ́ ọjọ́ náà fún àdúgbò ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fi òmíràn san èyí tí wọ́n ti sè mọ́ ìyókù. Ó wá kọjú sí olóyè tuntun.

“Iṣẹ́ oyè rẹ nìyí: ẹnikẹ́ni tí o bá rí tó ń gbá ọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn, mú un wá fún mi. Bí ìwọ fúnra rẹ bá gbá a, oyè bọ́.”

Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rẹ́ mi á so ìlẹ̀kẹ̀, á jókòó síbi àpáta, á máa fọn fèrè lé àwọn obìnrin onígbálẹ̀. Àdúgbò ìsàlẹ̀ ń ṣe ìpàdé lórí bí wọn yóò ṣe fi ọ̀nà wọn sílẹ̀ láìgbá, wọ́n sì ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ìdílé àwọn ni. Mo gbọ́ pé ní Ìkàrẹ́, wọ́n ti ń ru òkúta padà sójú ọ̀nà tí wọ́n ti ṣà mọ́.

Lọ́jọ́ kan mo bá ọ̀rẹ́ mi níbi tó ti ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti òkúta kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó rí mi, ó húkọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ dá a padà síbi tó wà. Èmi náà wo òkè.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tiwa ṣe ẹ̀kọ́. Kí ẹ tó gbálẹ̀ de àlejò, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Bí ẹ bá sì pa ewúrẹ́, ẹ má ṣe se orí rẹ̀ mọ́ ìyókù.