Ìtanràn Aláàmù Ìyá Ṣúkúrà

Ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tí oòrùn mú débi pé àwọn òyìnbó ń bọ́ ẹ̀wù rìn kiri Peckham. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé orí fóònù ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó. Mo ti rí ìjà. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo sá fún tajútajú débi pé ẹsẹ̀ bàtà mi kan ò padà wálé mọ́. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo di aṣojú àwa tí à ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn, a sì da iṣẹ́ sílẹ̀ títí ọ̀gá fi jáde wá bẹ̀ wá nínú òjò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Aunty Union. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé ìjà wo ló mú mi làágùn jù lọ, kì í ṣe ti ọlọ́pàá, kì í ṣe ti ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ti aláàmù ni.

Àwọn ilé kéékèèké bí ogún ló yí koríko kan ká lẹ́yìn Old Kent Road. Àwọn tó kọ́ ọ pè é ní Village, wọ́n sì gbé pátákó rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, kò sí oko. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ló wà lápá ọ̀tún wa, ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lápá òsì. Àwa ọmọ Nàìjíríà tó pọ̀ níbẹ̀ kàn ń pè é ní Abúlé. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ ni wọ́n ń fún nílé níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí olè wọ ilé méjì, ilé-iṣẹ́ onílé fi aláàmù sí gbogbo ilé lọ́fẹ̀ẹ́. A dúpẹ́, a pàtẹ́wọ́, Pásítọ̀ Sámúẹ́lì tó ń gbé ní ojúlé kẹjọ tilẹ̀ gbàdúrà sí i. Kò sẹ́ni tó ka ìwé òfin tó bá a wá. Bí o bá ṣílẹ̀kùn, ogbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá péré lo ní láti tẹ nọ́ńbà mẹ́rin. Bí o ò bá tẹ̀ ẹ́, aláàmù á ké, ẹnì kan láti ọ́fíìsì kan tí a ò mọ ibi tó wà á sì pe ẹni tí o fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ kejì. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ń gbé inú ilé, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni lóòótọ́. Bí kò bá dárúkọ, wọ́n á rán ọlọ́pàá. Bí ọlọ́pàá ò bá bá olè níbẹ̀, ìtanràn ni. Bí ìtanràn bá pé mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ náà lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ kí ó sì kó ọ lọ síbi tó bá wù ú.

Ìyá Ṣúkúrà ló ń gbé ní ojúlé kẹsàn-án, ní ọ̀kánkán tèmi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Inú ilé yẹn ni ọkọ wọn kú sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ṣúkúrà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Stockwell, ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ kejì, wọ́n sì fún Pásítọ̀ Sámúẹ́lì ní ìkẹta, nítorí wọ́n ní ẹni tó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sunday ò lè jẹ́ olè.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan wà nínú ilé, ìkejì wà níta. Èmi náà ń kọjá lọ. Ṣé kí n má kí wọn ni?

"Ẹ káàbọ̀, Mummy. Ẹ kú oòrùn."

"Òo, Mojí. Ọkọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Mummy."

"Ọmọ rẹ tó wà ní Manchester ńkọ́, ó ti bí?"

"Ó ku oṣù kan, Mummy."

"Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Orúnkún yẹn ńkọ́? Ṣé o lọ bá GP?"

"Mo lọ, Mummy. Paracetamol náà ni wọ́n tún fún mi."

A ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ àwọn àna tí aláàmù fi ké. Fóònù mi náà dún nínú báàgì. Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó jókòó sábẹ́ fáànù. Ó ní ta ló ń gbé ní ojúlé kẹsàn-án.

Mo ní, "Mummy."

"Ìyá rẹ ni?"

"Rárá o."

"Ìyá ta wá ni?"

"Ìyá Ṣúkúrà."

"Ṣé Ṣúkúrà ló ń gbé ibẹ̀?"

"Ṣúkúrà wà ní Stockwell."

"Madam, kí lorúkọ obìnrin tó ń gbé inú ilé yẹn?"

"Àlàájà."

Ó ní ìyẹn kì í ṣe ohun tó wà lójú ìwé òun. Mo ní kí n gbé fóònù fún Mummy kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé bí olè bá wà nínú ilé, olè náà lè sọ pé òun ni Mummy. Mo wo Ìyá Ṣúkúrà tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Òtítọ́ tó wà níbẹ̀, tó sì ń tì mí lójú láti kọ, ni pé n kò mọ orúkọ wọn. Ọdún mẹ́rìnlá ni a ti jọ ń gbé, mo mọ oògùn tí wọ́n ń lò, mo mọ irú ẹja tí inú wọn ò gbà. Orúkọ? Ta ni mo fẹ́ bi?

Ọlọ́pàá méjì dé, wọ́n bá wa lórí ọ̀rọ̀ àwọn àna. Wọ́n wo inú ilé, wọn ò rí olè, wọ́n sì lọ. Lẹ́tà ìtanràn dé lọ́jọ́ kẹta.

Ìgbà kejì, ìyá kan tó ń lọ sí ibùdókọ̀ ló kí Ìyá Ṣúkúrà lẹ́nu ọ̀nà, aláàmù sì ké. Mo wà ní ilé oníṣègùn, fóònù mi kú, ni wọ́n bá pe Pásítọ̀ Sámúẹ́lì. Pásítọ̀ ní ìyá ní Ísírẹ́lì ni wọ́n. Ọkùnrin náà ní ṣé ìyẹn ni pé obìnrin náà ò sí nílùú. Nígbà tí ó fi máa ṣàlàyé ara rẹ̀ tán, ọlọ́pàá ti ń kan ilẹ̀kùn.

Ìgbà kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí orúkọ náà nínú lẹ́tà ìtanràn, mo ti kọ ọ́ sí ìwé, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Aláàmù Mummy ké, fóònù dún, mo dúró síwájú fíríìjì, mo la ẹnu, ẹnu ò gbọ́. Kí n la ẹnu pe ẹni tó lè bí mi lórúkọ, bí ẹni tí a jọ ṣe kékeré? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà orúkọ náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní rárá, madam, ẹ pè é pọ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó pa fóònù, ó rán ọlọ́pàá, lẹ́tà ìtanràn kẹta sì dé. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti èmi nìkan ni ẹnu tó dákẹ́ tó sì dá ọ̀ràn.

Lẹ́tà kẹta yẹn ló sọ pé wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ Ìyá Ṣúkúrà, ṣùgbọ́n Mummy láǹfààní láti pẹjọ́. Mummy gbé lẹ́tà náà wá bá mi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan wọn.

"Mojí, bí wọ́n bá gbé mi lọ, ta ni mo máa kí láàárọ̀?"

Ara mi gbóná. Mo pe ìpàdé sínú ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì kún ibẹ̀, nítorí kì í ṣe Ìyá Ṣúkúrà nìkan ni lẹ́tà ìtanràn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo dìde, mo gbá ọwọ́ mọ́ tábìlì, mo ní kí gbogbo wa jẹ́ kí aláàmù ké lẹ́ẹ̀kan náà ní agogo méjìlá ọ̀sán, kí a wo iye ọlọ́pàá tí wọ́n lè rán. Àwọn èèyàn hó yèè. Ìyá Ṣúkúrà na ọ̀pá sókè.

"Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru, tí wọ́n ń sùn ní agogo méjìlá ńkọ́?"

Bí èmi Lẹ́nìn Abúlé, olórí ìjà, ṣe jókòó nìyẹn.

A wá kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, gbogbo èèyàn fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ onílé dá a padà. Wọ́n ní àwọn wo ìwé àwọn, kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i tó ń gbé ní Village. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá Bọ̀sẹ̀. Bàbá Táíwò. Daddy Canada. Mummy Twins. Èmi fúnra mi, mo ti kọ Aunty Union.

Báyìí ni ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ṣe dé, ní yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ní Lordship Lane. Àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú wa. Alága jẹ́ òyìnbó oníwà pẹ̀lẹ́ kan. Obìnrin ará Jàmáíkà kan wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ rárá wà lósì. Ẹni tó wá ṣojú ilé-iṣẹ́ onílé ni Tọ́lání, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, fáìlì rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó wọlé, ó sọ pé "Good afternoon" fún ìgbìmọ̀, ó rí Ìyá Ṣúkúrà, orúnkún rẹ̀ sì kan ilẹ̀ kó tó rántí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Mo sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ láyé àtijọ́. Mo pariwo. Mo dárúkọ òmìnira, mo dárúkọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Alága bu omi fún mi. Ó ní ọ̀rọ̀ mi wọ òun lára, ṣùgbọ́n òfin ò ṣòro: wọ́n bi mí ní orúkọ, orúkọ sì ni ohun tó rọrùn jù lọ láti sọ. Ó ka orúkọ Ìyá Ṣúkúrà sókè láti inú fáìlì, bí ẹni tó ń jẹ ẹja tó ń ṣọ́ra fún egungun. Ìyá Ṣúkúrà ta gìrì, wọ́n gbé ojú sókè wò ó. Mo rí i pé alága ti ń mú kálámù. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo kọjú sí Tọ́lání.

"Tọ́lání, orúkọ mi wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ?"

"Yes, Aunty."

"Wò mí lójú, kí o pè mí."

"Aunty… Mrs…"

"Kì í ṣe Missis. Èyí tí bàbá mi sọ mí."

Ó wo ìwé. Ó wò mí. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Alága ní, "Miss, it's only one word."

"I know, sir. I can see it." Ó yíjú sí mi, omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè ṣe é, honestly. Mummy mi máa gbọ́. They'll actually kill me."

Obìnrin ará Jàmáíkà yẹn bú sẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Ó sọ fún alága pé òun ti lé ní ọmọ ogójì ọdún kí òun tó mọ orúkọ ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn, pé ibi ìsìnkú rẹ̀ lòun ti kà á. Alága wo Tọ́lání, ó wò mí, ó wo àwọn ará Abúlé tó jókòó sẹ́yìn. Ó rọra gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní kí a jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wọ́n fagi lé ìtanràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá Ṣúkúrà ò kúrò nílé wọn. Àwọn yòókù ní láti pẹjọ́ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan jàre, àwọn kan jẹ̀bi. Bàbá Táíwò jẹ̀bi, nítorí ó jẹ́wọ́ pé òun kàn ń dán aláàmù wò ni. Ogbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá di ìṣẹ́jú méjì, ìyẹn sì fún wa láyè láti dé orí ọ̀rọ̀ àwọn àna. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé láti ìgbà náà lọ, a ò ní dárúkọ mọ́, nọ́ńbà ilé la ó máa sọ. Bí wọ́n bá pè mí báyìí pé ta ló ń gbé ibẹ̀, "Nine" ni mo ń sọ. Ó rọrùn. Inú mi ò sì dùn sí i rí. Èmi ni mo lọ sọ fún wọn pé a ò lè dárúkọ, wọ́n sì gbà mí gbọ́ jù.

A dúró de bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ yẹn, èmi àti Ìyá Ṣúkúrà. Mo ń yọ̀, mo ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun.

"Mojí, alága yẹn pe orúkọ mi."

"Ó bà á jẹ́, Mummy."

"Ó bà á jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí bàbá Ṣúkúrà ti kú, n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ti lọ tán. Ìwọ pè é fún mi lẹ́ẹ̀kan, kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Mo la ẹnu, èmi tí mo ti bú ọ̀gá ilé ìwòsàn níwájú àwọn oníròyìn. Ohun tó jáde ni "Mummy." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀sì fi dé, wọ́n sì fi etí gèlè nu ojú.

Ẹ̀yin tí ẹ máa jà lẹ́yìn wa, ẹ̀yin náà á rí i pé gbèsè kan máa ń kù tí ìgbìmọ̀ kankan ò lè fagi lé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Ṣúkúrà á bi mí pé, "Ó ti yá?" Èmi á ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ orí wọn ti lé díẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ wọn ò sì gbé wọn dé mọ́ṣáláṣí mọ́. Mo rò ó pé ohun tí ẹnu ò lè pè, ọwọ́ lè kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálámù. Ẹ wò ó, mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí dé ìparí, ẹ ò rí orúkọ náà níbẹ̀.