Ó Yọ Ọ̀nà Àdúgbò Rẹ̀ Kúrò Nínú Ìṣúná

Màmá Jẹ́-n-Rí-i ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ náà, torí kì í gé ohunkóhun kúrò láì kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá jẹ́ owó oògùn, yóò lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn. Bó bá jẹ́ afárá, yóò fẹsẹ̀ rìn ín já. Àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà rẹ̀ mọ ìpínlẹ̀ ju gómìnà lọ.

Lọ́dún tí owó tó wọlé kò dé ibi tí wọ́n fojú sí, wọ́n gé ìrìn àjò, wọ́n gé mọ́tò tuntun, síbẹ̀ àlàfo kò dí. Ó wá ku oògùn àwọn ilé ìwòsàn abúlé, àti àwọn ọ̀nà tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ wà lára wọn. Ọkọ rẹ̀ sì ni alága ẹgbẹ́ onílé. Ó ti kéde fún wọn pé ọ̀dà ń bọ̀ lórí ọ̀nà wọn, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún un.

Kọmíṣọ́nnà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ rọra gbà á nímọ̀ràn pé kó dá tirẹ̀ sí. Ta ni yóò mọ̀?

“Ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ tí n ò bá gé tèmi, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ẹni tí mo gé tiẹ̀?”

Ó gé gbogbo ọ̀nà náà. Owó oògùn dúró, ìwọlé àti ìnáwó sì bára dọ́gba.

Nílé, ọkọ rẹ̀ ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnu wo ni òun fẹ́ fi bá àwọn onílé sọ̀rọ̀? Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé àwọn onílé, níbi tí wọ́n ti máa yan alága, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn abúlé kan, ó fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná dání.

Nípàdé, obìnrin náà fẹ́ dìde kó jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ọkọ rẹ̀ fà á láṣọ, ó jókòó. Ọkọ náà fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé pé wọ́n ti gé ọ̀nà náà.

Káfíńtà àdúgbò ló kọ́kọ́ fọhùn. “Alága, ṣé ẹ ò lè bá ìyàwó yín sọ ọ́ nílé ni?”

“Mo bá a sọ ọ́. Ó mú mi lọ wo àwọn tó ń gba oògùn. Ẹ̀yin náà ẹ lọ wò wọ́n, kẹ́ ẹ padà wá sọ pé ọ̀nà lẹ fẹ́.”

Àwọn kan pòṣé. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan yíyan alága, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹlòmíràn.