Ta Ló Pe Sewanu Létí Ọ̀sà?

Ẹ jẹ́ kí n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé yín: n kì í mutí, ojú kò sì dùn mí nígbà náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi korokoro, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bá èèyàn jiyàn lórí rẹ̀.

Badagry ni mo ti ṣiṣẹ́, ní ilé ìjọba kan tó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ni wọ́n kọ́ ọ, wọn ò sì fi ohunkóhun dù ú. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rọ amúlétutù wà ní gbogbo yàrá, títí kan yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Odi nìkan ni wọn ò mọ dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní ọ̀sà fúnra rẹ̀ ti tó odi.

Èmi ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ńlá yẹn tàn yín jẹ o. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa rìn láti géètì dé ẹ̀yìn ilé, kí n rí i pé ẹni tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀, pé kò sùn, pé kò sì tíì sá lọ ra gààrí lọ́jà Agbalata.

Nígbà tó yá, àwọn olè gba ojú omi wá lópin ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n yọ ẹ̀rọ amúlétutù mélòó kan lára ògiri, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di gbére. Ariwo ta dé Ìkẹjà. Ni wọ́n bá gbé ọ̀gá tuntun kan wá pé kó wá tún ètò ààbò ilé náà ṣe.

Ọkùnrin yìí kò fẹ́ kí iyanrìn kan bàtà òun. Òfin tó ṣe ni pé kí n yéé rìn káàkiri, pé ìrìn ń fi àkókò ṣòfò. Kí n máa dúró lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, kí n máa fi orúkọ pe ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú máa dáhùn láti ibi tó wà pé, "Mo wà ńbí, sà." Òun náà á máa gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ẹni tí mo bá pè tí kò dáhùn lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí ni ìyá yín kọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré? Ṣebí pé bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n pè yín tẹ́ ò rí ẹni tó pè yín, kí ẹ má dáhùn? Àti Yorùbá, àti Ògù tí ẹ ń pè ní Ègùn, gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà. Wọ́n wá ní kí àgbà ọkùnrin máa dáhùn ohùn tí kò lójú, kó sì máa yára sí i. A wo ara wa, oníkálukú gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Sewanu ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn ilé, létí ọ̀sà, lábẹ́ àwọn igi àgbọn. Ọmọ ìlú Ajido ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ ẹja ni wọ́n ń ṣe nílé wọn, àmọ́ ẹ̀yìn tó máa ń dùn ún kò jẹ́ kó lè fa àwọ̀n mọ́, Senami ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ibòmíì tó máa lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti lọ sílé, ó wá bá mi ní géètì lọ́sàn-án. Ó sún mọ́ mi, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́.

"Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe létí omi?"

Mo ní èmi kò rán an níṣẹ́ kankan létí omi.

"Ẹ pè mí. Ohùn yín ni. Mo dáhùn, ẹ wá ní kí n máa bọ̀ létí omi. Mo débẹ̀, mi ò rí yín."

Orí mi wú. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó síbẹ̀, orúnkún mi kò tiẹ̀ jẹ́ kí n dìde, ká má tíì wá sọ pé mo pe ẹnikẹ́ni. Bàbá kan tó wá láti ìlú Apá, tó ń sinmi lẹ́bàá wa, sọ pé nígbà èwe òun, kò sẹ́ni tó ń jókòó sí ẹ̀yìn ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Kò sọ ìdí ẹ̀. Èmi náà kò bi í.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbé Sewanu wá síwájú, kí wọ́n sì mọ odi sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní owó epo ti ń gbẹ, kò sí owó odi mọ́, pé bí ẹ̀rù bá ń ba Sewanu, àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ nígboro. Mo jáde. Ó rẹ̀ mí dénú eegun.

Èmi àti Sewanu wá dá ọgbọ́n kan láàárín ara wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá bá wà níbi iṣẹ́, tí èrò sì kún ibẹ̀, n ó máa pè é. Lópin ọ̀sẹ̀, n kò ní pè é rárá. N ó máa fi ẹsẹ̀ mi rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo sọ fún un pé, "Bó o bá gbọ́ ohùn mi tó ò rí ojú mi, èmi kọ́. Má dáhùn, má bojú wẹ̀yìn. Ojú mi ni kó o dúró dè."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tí mo gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ọgbọ́n náà sì ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, Sátidé náà ni, oòrùn mú débi pé àwọn aláǹgbá pàápàá ti sá sábẹ́ ibòji. Mo dìde ní géètì, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ, mo ń rojọ́ orúnkún mi fún ara mi. Mi ò tíì dé kọ̀rọ̀ ilé tí mo fi gbọ́ ọ.

"Sewanu."

Ohùn mi ni. Ẹ gbà mí gbọ́. Bí mo ṣe máa ń fa orúkọ náà bó bá ti rẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe fà á.

Mo yọjú ní kọ̀rọ̀. Sewanu dúró lábẹ́ igi àgbọn, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo omi. Kò dáhùn. Inú mi dùn sí i.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan jáde láàárín àwọn igi, láti apá ibi tí omi wà. Aṣọ kákí ló wọ̀. Ó fi fìlà rẹ̀ há abíyá bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ń tiro lẹ́sẹ̀ tó ń dun èmi. Ó rìn títí ó fi dé iwájú Sewanu, mo sì rí ojú rẹ̀ kedere. Ilà àbàjà tí wọ́n kọ fún mi ní kékeré, òun ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mo rí i tí èjìká Sewanu rọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Mo ti rí yín, ọ̀gá," ló sọ fún un.

Mo kígbe pè é. Mo ní kó dúró, pé èmi nìyí lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró lóòótọ́. Ó mi orí, bí ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní gbà. Kò bojú wẹ̀yìn. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ ọ ló ń ṣe.

Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ wò mí láti orí èjìká Sewanu. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kàn dà bí ẹni tó ti rẹ̀, bó ṣe rẹ èmi náà. Lẹ́yìn náà ló yí padà, Sewanu tẹ̀ lé e, wọ́n jọ gba àárín àwọn igi lọ.

Mo sáré bí ẹsẹ̀ mi ti mọ. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, ọ̀sà nìkan ló kù. Ó tẹ́ lọ rẹrẹ, kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀.

Àwọn apẹja Ajido fi àwọ̀n wá a títí, wọn ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá wa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ìkẹjà pé Sewanu sá lẹ́nu iṣẹ́. Kò yí òfin rẹ̀ padà. Ó ní kí n fi ẹlòmíì sẹ́yìn, mo sì bọ́ kákí mi lé tábìlì rẹ̀ lórí.

Senami wá bá mi nílé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

"Bàbá, obìnrin kan tó ń yan ẹja létí omi ní òun rí yín tẹ́ ẹ jọ ń lọ. Ibo lẹ mú ọkọ mi lọ?"

Mo sọ fún un pé èmi kọ́. Ó wo ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fún ìgbà pípẹ́, ó dìde, ó lọ. Títí dòní, bó bá rí mi lójú ọ̀nà, ńṣe ló máa ń fi ìborùn bo orí ọmọ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣọ́ ilé ìjọba, ẹ gbọ́ mi o. Ọ̀gá tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibi tó fi yín sí, ẹ má ṣe dá ohùn rẹ̀ lóhùn. Bí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú bá sì dúró síwájú yín lọ́sàn-án gangan, ẹ má tíì tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́, kí ẹ fi kàn án, kí ẹ mọ̀ bóyá èèyàn ni. Èyí ni mi ò mọ̀ sọ fún Sewanu.