Ọjọ́ Tí Ahun Gbé Òmìrán Síwájú

Eyín ṣíṣe ni iṣẹ́ ọkùnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé ó ń yọ eyín o. Àwọn tí eyín wọn ti ká ló ń ṣe tuntun fún. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn eléyín ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí òórùn ìda tó ń yọ́ kì í ti í kúrò lára ògiri. Tí dókítà bá ti fi ìda wọn ẹnu aláìsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Á jókòó tì í, á máa fá a, á máa kùn ún, títí eyín náà á fi rí bí èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ èèyàn. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Àmọ́ kò sí nǹkan tó ń kánjú lò láyé yìí. Bàtà tuntun á pẹ́ nínú páálí títí àṣà rẹ̀ á fi kọjá lọ. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àga rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Tí àlejò bá jókòó, á máa dún pàrà pàrà lábẹ́ ìdí wọn, ojú á sì ti àlejò. Obìnrin kan dúró dè é kó dẹnu ìfẹ́ kọ òun, ó dúró, ó dúró, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìwà yìí ló jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa pè é ní Ahun, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, á fún ẹ. Ara rẹ̀ nìkan ló ń háwọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀, iná ni. Bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ló ń wà títí tó fi fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ nìkan sì tó láti mú kí ọkọ̀ tó kún fún ọmọ dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ méjì ló bí: ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, àti ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, tí kì í wálé àfi tó bá gbàsinmi.

Ọjọ́ Àìkú ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí máa ń jagun. Ogun orí tábìlì ni. Páálí ni wọ́n fi ṣe ilé àti ògiri, àwọn ère ọmọ ogun kéékèèké tí kò ga ju ìka lọ á sì máa sá pamọ́ sẹ́yìn wọn. Téèpù télọ̀ ni wọ́n fi ń wọn ibi tí ọmọ ogun kan lè rìn dé, dáìsì ló ń sọ ẹni tó kú. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, iye kan náà sì ni àwọn méjèèjì lè ná: èyí tó lágbára wọ́n, èyí tí kò lágbára ò wọ́n, ẹni tó bá ra alágbára, èèyàn rẹ̀ á kéré. Wọ́n á wá máa tò wọ́n sójú ìjà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tìẹ kan, tèmi kan. Ọlọ́gbọ́n kì í kọ́kọ́ gbé èyí tó lágbára jù kalẹ̀, torí ọ̀tá á ti rí ibi tó wà, á sì mọ bí òun ṣe máa to tòun. Òfin tiẹ̀ gbà kí èèyàn fi ẹyọ kan pamọ́ sẹ́yìn tábìlì títí di abala kẹta ìjà.

Ẹyọ tí Ahun máa ń fi pamọ́ ni Òmìrán. Ó ga tó àtẹ́lẹwọ́, irin ló wọ̀ látòkè délẹ̀, òun nìkan ló ń jẹ ìlàjì iye tí Ahun ní láti ná. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á pàápàá, ó wọ́n bí ojú. Búrọ́ọ̀ṣì tí Ahun fi ń kun eyín ló fi kùn ún, débi pé ìpéǹpéjú wà lójú rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e wá, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó gbé e sí àárín tábìlì kó tó gbé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó to gbogbo ọmọ ogun tirẹ̀ yí i ká, wọ́n ṣù bò ó. Òmìrán kú kó tó gbẹ́sẹ̀.

"Háà, ó mà ṣe o!" Ẹ̀gbọ́n ń fọwọ́ lu itan. "Ṣé ó tiẹ̀ ti jẹun àárọ̀?"

Láti ọjọ́ náà, Òmìrán ò kọ́kọ́ jáde mọ́. Inú páálí rẹ̀, lórí òwú, ló máa wà di abala kẹta, nígbà míì títí ìjà á fi parí. Ẹ bá mi wò ó! Èèyàn náwó nára sórí ọmọ ogun, ó wá tẹ́ ẹ sórí òwú.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹ̀gbọ́n. Ó ní kò sí nǹkan kan, títí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lára rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀gbọ́n lọ sùn, ọmọ náà sì fa Ahun wọ ilé ìdáná.

"Àǹkù, ẹ ti ilẹ̀kùn."

"Kí ni dókítà wí?"

"Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, ó ti ràn káàkiri inú. Wọ́n ní ká ṣáà máa tọ́jú wọn, kí ìrora má pọ̀." Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Ọgbẹ́ inú ni mo pè é fún wọn. Tí wọ́n bá mọ̀, àyà wọn máa já, ìyẹn gan-an ló máa pa wọ́n."

"Àbúrò ẹ ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún un, mo sì ní kó má tíì wá. Ẹni tí kì í wálé láìgbàsinmi, tí wọ́n bá ṣàdédé rí i lẹ́nu ọ̀nà, ṣé wọn ò ní fura ni?"

Ahun ní ó dáa, òun ò ní sọ. Kò nira fún un, kí n má parọ́. Nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ láyé ni kó fi nǹkan pamọ́.

Wọn ò jáwọ́ nínú ìjà ọjọ́ Àìkú. Ahun á gbé tábìlì kékeré sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n á fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ìjà tó máa ń gbà wọ́n títí ilẹ̀ fi ń ṣú tẹ́lẹ̀ ò parí mọ́. Tó bá ti di abala kejì, ojú ẹ̀gbọ́n á ti máa pa dé, dáìsì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí aṣọ ìbora. Ahun á rọra kó gbogbo rẹ̀ jọ. Kò ní ṣí páálí Òmìrán rárá.

"Ahun," ẹ̀gbọ́n wí lọ́jọ́ kan, "ìgbà wo ni mo tún máa pa Òmìrán ẹ?"

"Tí ara yín bá yá, ẹ máa rí i."

"Tí ara mi bá yá. Orin kan náà ni gbogbo yín ń kọ." Ó kọjú sí àjà. "Ó wù mí kí n tún rí ojú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lé Ahun dé ibi iṣẹ́. Ó ń kun eyín iwájú kan lọ́wọ́ nígbà tó yé e pé abala kẹta ò ní wáyé mọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó wá pinnu pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Òmìrán lòun máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n òun rí i, kó pa á, kó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe wù ú. Ẹ̀bùn ló rò pé òun fẹ́ fún un, kò sì rò ó kọjá ibẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Wọ́n ta dáìsì, ó bọ́ sí Ahun lọ́wọ́ láti kọ́kọ́ gbé ẹnì kan kalẹ̀. Ó ṣí páálí, ó gbé Òmìrán bí ẹni gbé ẹyin, ó sì gbé e sí àárín gbùngbùn tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n ti nawọ́ sí ọmọ ogun tirẹ̀, ẹ̀rín ti wà létè rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró. Ó wo Òmìrán, ó wo àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín náà sì lọ.

"Wọ́n ti sọ fún ẹ," ló wí.

"Wọ́n sọ kí ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti pa nǹkan yìí, mo bẹ̀ ẹ́, mo bú ẹ, mo fi ẹ́ ṣẹ̀sín, o ò gbé e síwájú. Ìwọ Ahun! Tó o bá mọ̀ pé a ṣì máa jọ ṣeré yìí pẹ́, orí òwú ni ì bá wà." Ohùn rẹ̀ ò le. "Ó kù díẹ̀, àbí?"

Ahun la ẹnu láti purọ́. Ẹkún ló jáde. Ẹkún náà ló mú kí ọmọbìnrin náà sáré wọlé, ife oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹkù! Kí lẹ sọ fún wọn? Ẹ ṣèlérí fún mi!"

"Kò sọ nǹkan kan," ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Ṣé èyí náà mọ ọ̀rọ̀ sọ ni? Gbé ife yẹn kalẹ̀, wá jókòó."

Àyà ẹ̀gbọ́n ò já. Kò dákú, kò pariwo, kò ṣe ìkankan nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ sọ bí dókítà ṣe sọ ọ́ gan-an, ó sì gbọ́ ọ dé òpin. Ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Àbúrò ẹ ńkọ́, ṣé ó mọ̀?"

"Ó mọ̀, mà. Láti ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé."

"Ó mọ̀, kò wá?"

"Èmi ni mo ní kó má wá, Màmá. Mo ní ẹ máa fura."

Ẹ̀gbọ́n di ojú. "Tó bá pè mí lórí fóònù, kò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ méjì tó fi máa ní òun ń lọ. Mo ń rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì yìí lójoojúmọ́. Mo ní àbí mo ti sú ọmọ mi ni." Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú rẹ̀. "Pè é. Ní kó máa bọ̀."

Wọ́n pè é. Kò sí ẹni tó sọ pé òun ń lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọkùnrin náà sunkún bí ọmọ kékeré, ìyá rẹ̀ ń kì í, ó ń rọ̀ ọ́ pé kó jẹun kó tó wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ẹ̀gbọ́n yíjú sí tábìlì.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká jà. Ahun, má ro pé mo máa ṣàánú ẹ."

Wọ́n to èyí tó kù. Ẹ̀gbọ́n rán ọmọ ogun méjì jáde lẹ́yìn ògiri páálí. Ahun na téèpù, ó sún Òmìrán síwájú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gbẹ́sẹ̀ ní abala kìíní. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n ti ń tòògbé.

"Má kó o," ẹ̀gbọ́n wí láìlajú. "Jẹ́ kí ọmọ mi wá bá a níbẹ̀. Tá a bá kàn sọ fún un pé o gbé e síwájú, kò ní gbà gbọ́."

Ọmọkùnrin náà rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀. Ojú òfuurufú ló wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n dákẹ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ fún un. Ìgbà tó rí èrò lẹ́nu ọ̀nà ló mọ̀. Ó kọjá láàárín wọn láì kí ẹnikẹ́ni, ó lọ tààrà sí yàrá ìyá rẹ̀. Ahun wà níbẹ̀, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti tẹ́.

Ahun ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ sọ pé gbogbo ìgbà tí òun ń bá wọn fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ìyá ọmọ náà ń rò pé òun ti sú ọmọ òun. Gbogbo ọjọ́ ayé Ahun ló fi ń bẹ̀rù kó má gbé nǹkan jáde kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó wá gbé e jáde, ó ti pẹ́ jù. Ó mọ̀ ọ́n, ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Kí ó tó la ẹnu, ọmọkùnrin náà ti yíjú sí tábìlì, níbi tí Òmìrán ṣì dúró sí. Kò mọ eré náà ṣe, ìtàn Òmìrán nìkan ló máa ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

"Àǹkù," ó béèrè, "ta ló kàn?"

"Màmá ẹ ló kàn," ni Ahun wí.