Owó Mọ́tò Màmá Àgbà

Igi kọ lu igi, ó dún gbà, Màmá àgbà sì fò dìde lórí àga. Oṣù kẹfà la wà, oòrùn ń ràn ní Calgary, àmọ́ jákẹ́ẹ̀tì winter ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì wé ìborùn lé orí fìlà òtútù. Kúlà jollof wà lẹ́sẹ̀ wọn, òórùn ata rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ̀yìn góòlù gan-an ni wọ́n máa ń gbé àga wọn sí, níbi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí, torí bọ́ọ̀lù yẹn le bí òkúta. Àwọn tó ń lé wọn kúrò níbẹ̀ ti lé wọn títí, ó ti sú wọn. Màmá àgbà na ọwọ́ sí góólì, wọ́n ní, "Ìwọ, ojú ẹ dà? Ṣé o fẹ́ sùn ni?" Góólì ò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn dáhùn pé òun ti rí i, mà. Bàbá mi ni góólì yẹn.

Hurling ni wọ́n ń pe eré náà, àwọn ará Ireland ló gbé e wá sí ìlú wa. Igi tó fẹ̀ lẹ́nu bí orógùn ni wọ́n máa ń dì mú, wọ́n á fi gbá bọ́ọ̀lù awọ kékeré kan láti ìkangun pápá dé ìkejì. Tó bá wọ nẹ́ẹ̀tì, àmì mẹ́ta. Tó bá gba òkè góòlù kọjá láàárín òpó méjèèjì, àmì kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo gbọ́ Yorùbá dáadáa àmọ́ English ni mo fi ń fèsì. Màmá àgbà ò gbọ́ English tó nǹkan, nítorí náà èmi ni ẹnu àti etí wọn tí a bá ti jáde nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyá bàbá mi, arúgbó ará Iléṣà, ṣe dé ìdí eré onígi.

Ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ni. Dádì ń ṣe engineer ní ilé iṣẹ́ epo kan ní downtown. Lọ́jọ́ kan mo dé láti school, mo bá wọn nílé lọ́sàn-án gangan, páálí kan wà lórí tábìlì, ife tíì wọn àti fọ́tò wa wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ní church, àdúrà iṣẹ́ ló kù tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Ní Cityscape tí à ń gbé, pátákó For Sale ń hù níwájú ilé bí ewéko. Mọ́mì ń gba shift lé shift ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, apá ò ká owó daycare mọ́, àbúrò mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Ni wọ́n bá ní kí Màmá àgbà máa bọ̀ wá bá wa tọ́jú ọmọ.

Dádì ní tiwọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó máa yé yín. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú laptop, wọ́n ń wá iṣẹ́. Bí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ní, "How was school?", kí n tó dáhùn, ojú wọn á ti padà sórí laptop. Láti orí àtẹ̀gùn mo máa ń gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ká-ká-ká, á wá dákẹ́ lọ gbọọrọ. Ìdákẹ́ yẹn ló máa ń dẹ́rù bà mí.

Màmá àgbà ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ tó ń rákò ló nílò ìtọ́jú jù nínú ilé wa. Wọn ò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ń din dòdò láàárọ̀, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn basement sílẹ̀ gbayawu kí òórùn rẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀. Mo máa ń gbọ́ sílípáàsì wọn, ṣàà, ṣàà, láti ìdí stove dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ́tí. Bí wọn ò bá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á padà lọ yí dòdò. Lọ́pọ̀ ìgbà Dádì á kàn ní "Mò ń bọ̀, mà," dòdò á sì tutù sórí tábìlì.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń di irun mi, wọ́n tú kókó kan ní etí ìró wọn, wọ́n fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn mí. Ẹgbẹ̀rún náírà kan ni, tuntun ni, ó ń dún. Wọ́n ní owó mọ́tò àwọn ni, tí àwọn bá padà dé airport Lagos, àwọn ò fẹ́ máa wojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n so ó padà, wọ́n fi eyín fa kókó náà kó le.

"Mi ò ní tú u mọ́ àfi tí mo bá rí eyín bàbá ẹ."

Mo ní, "But Daddy has teeth, Grandma."

"Eyín ẹ̀rín ni mò ń sọ," wọ́n ní. "Ṣé bó ṣe wà yìí ni kí n fi ọmọ mi sílẹ̀, kí n wá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ?"

Lóòótọ́, láti ìgbà tí páálí yẹn ti wọlé, èmi náà ò rántí ẹ̀rín Dádì mọ́. Ìparí oṣù kẹjọ sì ni tíkẹ́ẹ̀tì Màmá àgbà. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá jókòó tì wọ́n, ọwọ́ mi máa ń lọ síbi kókó yẹn fúnra rẹ̀.

Nígbà tí snow yọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹni tó ń fá pákó nínú garage ẹ̀gbẹ́ wa. Káfíńtà ni ọkọ Màmá àgbà nígbà ayé wọn, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ tí wọn ò ní lọ wò ó. Wọ́n pọn àbúrò mi, wọ́n fà mí lọ́wọ́, ó di ẹnu garage. Bàbá arúgbó kan ló wà níbẹ̀, ará Ireland, irun wọn funfun báláú, fùlùfúlù pákó kún gbogbo bàtà wọn. Igi hurling ni wọ́n ń gbẹ́. Wọ́n ti gbá eré yìí fún ìpínlẹ̀ wọn nígbà ọ̀dọ́, àwọn náà sì ni kóòṣì ẹgbẹ́ hurling ní Calgary. Lójú ẹsẹ̀ ni Màmá àgbà ti sọ wọ́n ní Bàbá Onígi. Bàbá Onígi po tíì fún wa, wọ́n sì ń ṣàròyé pé ẹgbẹ́ àwọn ti fẹ́ tú: àwọn ọmọkùnrin tó wá láti Ireland torí iṣẹ́ epo ti ń padà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, góólì gan-an ti gba Australia lọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ tán, Màmá àgbà gbé ife wọn sílẹ̀.

"Sọ fún wọn pé mo ní ọkùnrin kan nínú basement."

Góólì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni Dádì nígbà tí wọ́n wà ní ilé ìwé ní Iléṣà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí ìyá wọn ṣe, ó ká wọn lára. Wọ́n ní, "Mummy, iṣẹ́ ni mò ń wá, eré lẹ lọ bá mi gbà." Màmá àgbà ò bá wọn jiyàn. Wọ́n kàn gbé igi tí Bàbá Onígi yá wa sórí àtẹ̀gùn, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń gòkè gbọ́dọ̀ ré e kọjá. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mi ò rí i mọ́. Dádì wọlé láti pápá pẹ̀lú orúnkún bíbó, wọ́n sì jẹ oúnjẹ wọn tán, wọ́n ní ṣé ó ṣẹ́kù.

Ibi tí Màmá àgbà ti wá ṣì í rò nìyí. Àgbà ọkùnrin ń jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó ń wọ aṣọ tó ní nọ́ńbà, ọ̀gá ń pariwo mọ́ ọn, ó ń gbé ọgbẹ́ wálé. Kí ni ẹ tún fẹ́ pè é tí kì í bá ṣe iṣẹ́? Wọ́n ti pe Iléṣà, wọ́n ti jẹ́rìí, wọ́n ní Ọlọ́run ti fi kékeré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù parí tí wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní kí n bá wọn fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ Bàbá Onígi ìgbà tí wọ́n máa ń sanwó. Bàbá Onígi rẹ́rìn-ín, wọ́n rí ojú Màmá àgbà, wọ́n sì gbé igi tí wọ́n ń gbẹ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gba owó. Ní Ireland gan-an, wọ́n ní, tó bá di ọjọ́ àṣekágbá, ènìyàn á kún pápá dé ẹnu, bàbá àti ọmọ á máa sunkún ní títì torí eré, lọ́jọ́ Monday àwọn tó gbá a á padà sídìí tíṣà, sóko, sídìí iná mànàmáná. Àwọn fúnra wọn ti fi ìka tó kán gbá a rí, oúnjẹ àti owó mọ́tò nìkan ni wọ́n fún àwọn. Òfin eré náà nìyẹn.

Màmá àgbà ronú sí i. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá ọ̀fẹ́ ni àwọn tó kún pápá yẹn ń wọlé. Rárá o, wọ́n ń sanwó.

"Ta ló wá ń jẹ owó náà?"

Bàbá Onígi fi ọwọ́ họ ọrùn. Wọ́n ní àwọn ará ilé àwọn ti ń jà lórí ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó bí àwọn. Wọ́n ní wọ́n fi ń ṣe pápá fún àwọn ọmọdé, àmọ́ wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn kóòṣì kan wà tí wọ́n ń gba owó ní kọ̀rọ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn tó ń gbá a, ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní abúlé á lọ síbi tí owó wà, ta ló máa wá gbá a fún abúlé? Màmá àgbà pòṣé gígùn kan, wọ́n pọn àbúrò mi, a bá ti wa lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi dáhùn ìkíni Bàbá Onígi, ó dùn mí gan-an, torí mo fẹ́ràn tíì yẹn.

Dòdò ló parí ìjà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe training, Màmá àgbà ò tíì dé ẹnu ilẹ̀kùn tí ẹsẹ̀ Dádì ti ń dún lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, wọ́n wò mí. "Iṣẹ́ tó ń sanwó ló tì í sí basement," wọ́n ní. "Eléyìí tí kò sanwó ló ń gbé e gòkè. Jẹ́ kó máa lọ." Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ará Ireland kankan ní Calgary tó fẹ́ràn hurling tó ìyá bàbá mi. Òjò ò dá wọn dúró. Wọ́n mọ ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì gbá a, wọ́n mọ ẹni tó ń bẹ̀rù. Jollof wọn ni gbogbo ẹgbẹ́ ń jẹ lẹ́yìn eré, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn náà ti wọ ẹgbẹ́ aláìgbowó.

Àmọ́ Dádì ò tíì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá wa sọ̀rọ̀, ẹ̀rín nìkan ni kò sí. Oṣù kẹjọ wọlé. Ilé iṣẹ́ kan pè wọ́n fún interview lẹ́ẹ̀mejì, inú gbogbo wa ti ń dùn. Ọjọ́ tó ṣáájú eré ìkẹyìn ni email dé pé wọ́n ti mú ẹlòmíì. Dádì sọ̀kalẹ̀ lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, báàgì Màmá àgbà ti wà ní kọ́rídọ̀. Wọ́n din dòdò, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n tẹ́tí. Kò sí ẹsẹ̀. Ni wọ́n bá ṣe ohun tí wọn ò ṣe rí: wọ́n sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn, pẹ̀lú orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n, wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú gírígírí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́.

"Mi ò sọ pé ó dáa," wọ́n ní. "Kò dáa. Àmọ́ wá dúró sí góòlù lónìí, kí n wò ọ́ kí n tó lọ. Èmi ni kó o ṣe é fún."

Mo gbọ́ tí wọ́n pa laptop dé. Dádì wá ní, "Ẹ rọra gòkè, mà. Mo wà lẹ́yìn yín."

Àwọn ará Edmonton la bá gbá a. Ó kù díẹ̀ kí eré parí nígbà tí géńdé wọn kan yọ lójijì níwájú góòlù wa, ó gbé igi sókè, ó sì nà án. Mi ò rí bọ́ọ̀lù. Igi Dádì ni mo gbọ́, gbà, bọ́ọ̀lù sì fò jáde. Ariwo sọ. Mo yíjú sí àga Màmá àgbà, mi ò rí wọn níbẹ̀. Wọ́n ti yí òpó po, wọ́n ti wọ pápá, ọwọ́ wọn sì ń tú etí ìró.

Ẹ mọ̀ wá, tẹ́nìkan bá ti dá wa lára yá báyìí, iwájú orí la máa ń lẹ owó mọ́. Màmá àgbà fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí Dádì, akoto dí i, irin sì bo gbogbo ojú. Wọ́n wá a títí, wọ́n bá ki ẹgbẹ̀rún náírà náà sáàárín irin, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú imú Dádì. Rẹfirí fọn fèrè. Ó sáré wá, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ṣé owó nìyẹn, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni fún àwọn tó ń gbá a lówó. Dádì yọ owó náà, wọ́n wò ó. Wọ́n ní kó ṣàánú, ìyá àwọn ni, owó mọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi wọ ọkọ̀ dé ilé ni.

Bàbá Onígi ti sáré dé. "Travelling expenses," wọ́n sọ fún rẹfirí, ojú wọn le bíi ti lọ́yà. "That is allowed."

Ẹ̀rín Dádì bẹ̀rẹ̀ látinú ikùn. Wọ́n bọ́ akoto, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ láàárín góòlù, omi ń jáde lójú wọn, wọ́n di owó náà mú. Rẹfirí gan-an ń rẹ́rìn-ín. Mọ́mì gbé àbúrò mi dání létí pápá, wọ́n ń sunkún. Màmá àgbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ẹnu ọmọ wọn fínnífínní, bí ìgbà tí dókítà ń wo eyín.

"Mo ti rí i," wọ́n ní. Wọ́n wá sọ fún mi pé kí n sọ fún rẹfirí pé kí wọ́n máa bá eré wọn lọ.

A pàdánù lọ́jọ́ yẹn, àmì kan péré. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá àgbà lọ. Ẹni tó yẹ kó pàdé wọn ní airport Lagos pẹ́, kò sì sí owó mọ́tò létí ìró wọn mọ́. Wọ́n sọ fún onítakisí kan pé owó àwọn wà lórí ọmọ àwọn ní Canada. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé wọn dé ilé ẹbí wa ní Lagos. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù, Dádì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

Iṣẹ́ ò dé títí di ọdún kejì, owó rẹ̀ ò sì tó ti tẹ́lẹ̀. Dádì ò padà gbé inú basement mọ́. Wọ́n dúró ní góòlù títí orúnkún fi kọ̀. Màmá àgbà ti sinmi ní Iléṣà báyìí, Bàbá Onígi náà ti lọ, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì mọ bí mo ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tó.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ní hurling ní gbogbo Saturday, èmi náà sì ni góólì ẹgbẹ́ àwa obìnrin. Àwọn ará church máa ń bi mí pé èló ni wọ́n ń san fún mi. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé owó mọ́tò ni. Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Ẹgbẹ̀rún náírà yẹn ti gbó, ní Iléṣà pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ra nǹkan mọ́. Dádì gbé e fún mi, mo sì ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú akoto mi, níbi tí Màmá àgbà ń wá lọ́jọ́ yẹn tí ọwọ́ wọn ò dé. Tí mo bá ti dé e, iwájú orí mi gan-an ló máa ń kàn.