Orí Tí Aránfìlà Kò Wọ̀n

Wọnríwò ni àdúgbò ń pe aránfìlà náà, nítorí kò sí orí tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kì í fojú wọ̀n. Ìbéèrè kì í tán lẹ́nu obìnrin yìí.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní kó rán fìlà fún gbogbo òṣìṣẹ́ àwọn, kí irun má baà já sínú oúnjẹ. Ó gbé téèpù, ó dé ẹnu géètì, ó wọn orí àwọn akẹ́rù tó bá níbẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ tíṣà ìṣirò:

"Mo ti mọ orí wọn. Kò sí èyí tó ju ínǹṣì mẹ́tàlélógún lọ."

"Orí gbogbo wọn, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bí mo bá tọ́ ọbẹ̀ wò, ṣé dandan ni kí n lá ìkòkò ni?"

"Ó dáa, bí ẹ bá kọ́kọ́ ro ọbẹ̀ náà pọ̀ dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni ká sọ bí ohun tá a rí ṣe rí, ọ̀tọ̀ ni ká tibẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa èyí tá ò rí."

"Ìwọ tíṣà yìí!" Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Fìlà bá àwọn akẹ́rù mu rẹ́gí. Ó wá kan àwọn obìnrin tó ń di bisikíìtì sínú páálí. Irun dídì kún orí wọn bámúbámú. Ńṣe ni fìlà jókòó téńté, bí ọmọrí ìkòkò kékeré lórí ìkòkò ńlá. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọnríwò náà rín in, ṣùgbọ́n ojú tì í.

Ó padà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. "Ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

"Rárá o. Òótọ́ lẹ sọ nípa orí tẹ́ ẹ wọ̀n. Nípa àwọn tẹ́ ò wọ̀n lẹ ti ṣì í."

"Ṣé kí n wá wọn gbogbo wọn? Wọ́n pọ̀ bí eṣú!"

"Ẹ ṣẹ́ gègé mú díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ má mú kìkì ẹni tó súnmọ́ yín."

"Tí mo bá tún ṣì í ńkọ́?"

"Ẹ ó ṣì í díẹ̀ náà ni. Ẹ fàyè sílẹ̀ fún un."

Wọnríwò ṣẹ́ gègé, ó wọn orí díẹ̀ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó ro ọ̀rọ̀ àyè yìí títí, ó sì fi rọ́bà tó ń fà sẹ́yìn fìlà kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, fìlà bá gbogbo wọn mu, àfi ọ̀gá àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì, tí orí tirẹ̀ tóbi bí agbọ̀n. Ó rán tìyẹn lọ́tọ̀.

Látìgbà náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní "gbogbo" sinmi mọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ọkọ rẹ̀ nà gbalaja sórí àga, ó ní gbogbo ọkọ ló máa ń sùn lọ́sàn-án.

"Mélòó lẹ wò nínú wọn?"

"Ẹyọ kan."

"Ta ni?"

Ọkọ rẹ̀ ti ń hanrun.